Òtútù dá ìléjáde dúró, kò dá ẹjọ́ dúró: ohun tó yẹ kí ayálégbé mọ̀ ní ilẹ̀ Faransé

Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kì í fi agbára ìjọba lé ayálégbé jáde nílé ní ilẹ̀ Faransé. Trêve hivernale ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbà náà, abala L412-6 nínú òfin tó dá lórí mímú ìdájọ́ ṣẹ ló sì gbé e ró. Bí adájọ́ tilẹ̀ ti ní kí ènìyàn kó jáde, bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tilẹ̀ ti kọjá, ìdájọ́ yẹn yóò jókòó de oṣù kẹrin.

Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Paris àti àyíká rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti Àjàṣẹ́ wá, tàbí Kétu, tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gbọ́ nípa òfin yìí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé "kò sí ohun tí onílé lè ṣe fún wa nígbà òtútù." Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ilé ọ̀pọ̀ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni òfin náà dá dúró: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kóòtù àti ọlọ́pàá yóò dé ẹnu ọ̀nà láti kó ẹrù yín síta. Gbèsè ń gorí ara wọn lọ. Ìwé kóòtù ń jáde. Àwọn oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ń pé, bí yìnyín tilẹ̀ bo ìlú. Ìyẹn la ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ níbí, nítorí oṣù márùn-ún tó láti gba ilé là bí ènìyàn bá mọ ohun tó yẹ kó fi wọ́n ṣe.

Ibi tí òfin náà ti wá kò yẹ ní gbígbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954, òtútù tó mú ní Faransé kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Abbé Pierre, ẹni tó dá Emmaüs, ẹgbẹ́ tó ń ran aláìní lọ́wọ́, sílẹ̀ ní 1949, lọ sórí rédíò Radio-Luxembourg. Ó kéde fún gbogbo ìlú pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú òtútù lóru ọjọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì boulevard Sébastopol ní Paris, ìwé tí wọ́n fi lé e jáde nílé ní ọjọ́ méjì ṣáájú ló sì dì mọ́ àyà. Ní 1956 ni òfin dé. Kó tó di 2014, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ló ń parí. Òfin tí wọ́n ń pè ní ALUR ló sún un dé ọjọ́ 31. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n nà án dé ọjọ́ 10 oṣù keje.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ìwé náà bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì.

Èyí àkọ́kọ́ ni commandement de payer, ìwé tó pàṣẹ pé kí ẹ san gbèsè ilé. Commissaire de justice ló ń mú un wá, òṣìṣẹ́ kóòtù tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní huissier. Bí ìwé àdéhùn ilé bá jẹ́ ti ẹ̀yìn òfin oṣù keje ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ayálégbé ní láti san gbogbo gbèsè náà. Bí àdéhùn náà bá ti wà tẹ́lẹ̀, tó sì kọ oṣù méjì, oṣù méjì ló ní. Torí náà, ẹ wá ìwé àdéhùn yín, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ clause résolutoire sí, ìyẹn gbólóhùn tó ní àdéhùn yóò fọ́ bí ẹ kò bá san owó ilé. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni pé huissier wá, kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó fi ìwé kékeré sínú àpótí lẹ́tà pé kí ẹ wá gba ìwé ní ọ́fíìsì òun. Ayálégbé á ní òun ò tíì gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí huissier wá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lọ gbà á. Ẹni tó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lọ ti sọ ìdajì àsìkò rẹ̀ nù. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àdéhùn ilé ṣì dúró.

Bí ẹ kò bá rí i san, ìwé kejì, assignation, yóò pè yín síwájú adájọ́ tí wọ́n ń pè ní juge des contentieux de la protection. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún préfet, aṣojú ìjọba ní agbègbè yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re yóò kàn sí yín láti mọ iye tó ń wọlé fún yín, iye ọmọ tó wà nílé, ìdí tí gbèsè fi wáyé. Ọ̀pọ̀ ń sá fún ẹni yìí nítorí wọ́n rò pé onílé ló rán an. Ẹ má sá. Ohun tó bá kọ ni adájọ́ yóò kà kó tó rí yín.

Ẹ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ ẹjọ́. Kò pọn dandan kí ẹ ní lọ́yà. Bí ẹ kò bá lọ, ìwé tí onílé kó wá nìkan ni adájọ́ yóò wò, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá yín bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ lágbára láti pín gbèsè yín sí oṣù 36, kó sì so ìléjáde rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san án. Òfin 2023 fi nǹkan kan lé e tó yẹ kí gbogbo ayálégbé há sórí: ẹ gbọ́dọ̀ ti padà sí sísan owó ilé oṣooṣù, ní pípé, kí ọjọ́ ẹjọ́ tó dé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín béèrè fún ìsorọ̀ náà. Gbèsè àtẹ̀yìnwá lè wà níbẹ̀ o. Owó oṣù tuntun ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú ìṣirò. Ká ní owó ilé jẹ́ yúrò 650 lóṣù, gbèsè tó wà nílẹ̀ lóṣù kẹwàá sì jẹ́ yúrò 2,880. Bí wọ́n bá pín in sí oṣù 36, yúrò 80 ló kan oṣù kọ̀ọ̀kan, ayálégbé yóò máa san 730. Ẹni tí òun náà jẹ 2,880, ṣùgbọ́n tó ní "ìgbà òtútù ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀", tí kò san kọ́bọ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ti fi 3,250 kún gbèsè. Ó di 6,130. Ìpín oṣù kan di 170, owó tó yẹ kó máa san di 820, adájọ́ kò sì ní ìdí láti pín in fún un, nítorí kò tíì padà sí sísan owó oṣooṣù. Bí wọ́n bá pín in fún yín, ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ kò san lásìkò lè dá gbogbo ìdájọ́ padà sí ìléjáde. Ẹ jẹ́ kí báǹkì máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí owó iṣẹ́ yín máa ń wọlé.

Bí adájọ́ bá ní kí ẹ jáde, ìwé kẹta ni commandement de quitter les lieux, àṣẹ pé kí ẹ kó kúrò nílé. Oṣù méjì ló fún yín. Kò sí ohun tó ní kí huissier má mú un wá láàárín òtútù, oṣù méjì náà yóò sì máa kà lọ. Bó bá mú un wá ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ó pé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta. Nígbà tí òtútù bá parí ní ọjọ́ 31, ọlọ́pàá nìkan ló kù. Huissier kò lè fi ipá wọlé láìsí wọn, préfet ló sì ń fún un ní àṣẹ. Oṣù méjì ni préfet ní láti dáhùn; bó bá dákẹ́, ó túmọ̀ sí pé kò gbà, ìjọba yóò sì san owó gbà-má-bínú fún onílé. Ìwé ìbéèrè yẹn náà, wọ́n lè kọ ọ́ nínú òtútù. Ìdí nìyí tí ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ láti oṣù kọkànlá fi lè gbọ́ kànkùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òfin gbà láàyè. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ṣáájú aago mẹ́fà àárọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹrù tó bá ṣẹ́kù sínú ilé, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ní oṣù méjì láti lọ kó o.

Nínú oṣù márùn-ún wọ̀nyí, lẹ́yìn owó ilé tí a ti sọ, ibi tí a rò pé agbára pọ̀ sí jù ni FSL, owó ìrànwọ́ ilé tí département kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín ilẹ̀ Faransé kọ̀ọ̀kan, ní. Assistante sociale, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, ló ń kọ ìwé rẹ̀. Wọ́n lè yá yín lówó, wọ́n sì lè fún yín láìsan padà, ó wà lọ́wọ́ ìlànà département yín. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, torí náà oṣù kọkànlá ni kí ẹ lọ, kì í ṣe oṣù kẹta. Bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ilé lọ́wọ́ CAF, ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìrànwọ́ fún ìdílé, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà wọn nípa gbèsè ilé wà láìdáhùn, nítorí wọ́n lè dá owó náà dúró, gbèsè yóò sì fò sókè. Bí ẹ bá ti fara mọ́ ìlànà sísan pẹ̀lú onílé, ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Fún ẹni tí gbèsè rẹ̀ kọjá ti ilé nìkan, ìgbìmọ̀ surendettement (gbèsè tó ju agbára ẹni lọ) ní Banque de France lè ní kí adájọ́ dá ìléjáde dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹjọ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó sì ti ní ìdájọ́ lọ́rùn láìsí ibòmíràn tó lè lọ lè kọ ìwé DALO, ẹ̀tọ́ sí ilé tó wà nínú òfin láti 2007, bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá pé. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn lórí gbèsè ilé ni 0 805 16 00 75. Ẹ ní ìwé àdéhùn àti ìwé huissier lọ́wọ́ kí ẹ tó pè, nítorí ọjọ́ tó wà lórí wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Adájọ́ kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: juge de l'exécution, adájọ́ tó ń bójú tó mímú ìdájọ́ ṣẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba commandement de quitter les lieux, ẹ lè tọ̀ ọ́ lọ pé kó fi àsìkò kún un. Tẹ́lẹ̀, ó lè fún ènìyàn tó ọdún mẹ́ta; láti 2023, láàárín oṣù kan sí ọdún kan ni. Abala L412-4 ka ohun tó yẹ kó wò: ọjọ́ orí, àìlera, ìdílé, bóyá ẹ ti sapá láti san, bóyá ẹ ti ń wá ilé mìíràn. Ó sì tún ka ohun kan tí àwọn tó ń gbèjà ayálégbé kì í lò tó bó ṣe yẹ: bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó wà nínú òfin báyìí gan-an, circonstances atmosphériques, kò sì sọ pé òtútù nìkan ni.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí òfin ìgbà òtútù kò mọ ooru. Ooru oṣù kẹjọ ọdún 2003 pa nǹkan bí ènìyàn 15,000 ní Faransé, àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, ní oṣù keje, nígbà tí títì ń jóni lẹ́sẹ̀, wọ́n lè kó ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ síta láìrú òfin kankan. A kà á sí àléébù ńlá nínú òfin náà, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà ooru kó tẹ ìkéde Météo-France, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Faransé, jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi département rẹ̀ sí ìkìlọ̀ orange tàbí rouge nítorí ooru, kó fi ìwé dókítà tì í bí aláìsàn bá wà nílé, kó kó méjèèjì síwájú adájọ́ náà, kó sì kọ ẹ̀dà rẹ̀ sí préfet pé kó má rán ọlọ́pàá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó dá gbogbo ènìyàn lójú pé yóò gbà, ṣùgbọ́n òfin ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní erékùṣù Réunion, tí òun náà jẹ́ ti Faransé, ìgbà ìjì líle ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n dípò òtútù, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ewu ojú ọjọ́ ju ọ̀kan lọ.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé ti ọ̀dọ̀ wọn yàtọ̀. Ní Washington, D.C., aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń wo ohun tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba sọ nípa pápákọ̀ òfurufú National. Bí wọ́n bá ní yóò rẹlẹ̀ ju 32 lórí òdiwọ̀n Fahrenheit láàárín wákàtí 24, tàbí bí òjò bá ń rọ̀ níbi tí ilé náà wà, wọn kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni jáde lọ́jọ́ náà. Ní Cook County, níbi tí Chicago wà, 15 Fahrenheit ni, ìyẹn nǹkan bíi 9 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé òfin Washington mọ òjò. Ohun tó burú ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń fúnni. Bí oòrùn bá yọ lọ́la, wọ́n padà dé. Kò sí ìdílé tó lè wá ilé láàárín òjò méjì. Tiwa ni pé ti Faransé sàn jù, nítorí ènìyàn lè fi kàlẹ́ńdà pète. Ní Èkó, òfin ìyálégbé ti 2011 fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn mọ bí omi ṣe ń yalé ní oṣù keje.

Àwọn kan wà tí òtútù kò gbà sílẹ̀. Ẹni tó fi ipá tàbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọ inú ilé tí ẹlòmíràn ń gbé. Ọkọ tàbí aya tí adájọ́ lé jáde nítorí ìwà ipá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ síbẹ̀ ti parí. Ẹni tí wọ́n ti fún ní ilé mìíràn tó gba òun àti ìdílé rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Onílé tó bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, tó yọ ilẹ̀kùn, tó kó ẹrù síta láìsí ìdájọ́, ọ̀daràn ni, ìbáà jẹ́ oṣù kìíní tàbí oṣù kẹjọ. Abala 226-4-2 nínú òfin ìwà ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti yúrò 30,000 lé e. Ẹ pe 17, nọ́ńbà ọlọ́pàá, lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kọ́kọ́rọ́ tuntun náà. Ẹ mú ohun tó ní orúkọ yín àti àdírẹ́sì náà lọ́wọ́: ìwé iná, ìwé ìdánilójú ilé, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lè ní kí ẹ kàn fi main courante, àkọsílẹ̀ lásán, sílẹ̀. Ẹ ní plainte, ìwé ìfẹ̀sùnkanni, lẹ fẹ́, nítorí main courante kì í bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹ lè tọ adájọ́ lọ ní référé, ẹjọ́ kíákíá, pé kó dá yín padà sínú ilé.

Iná àti gáàsì náà, ilé iṣẹ́ tó ń tà wọ́n kò gbọdọ̀ gé wọn láàárín ìgbà òtútù kan náà tí wọn kì í lé ènìyàn jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè dín agbára iná kù fún ẹni tí kì í gba chèque énergie, owó ìrànwọ́ ìjọba fún iná àti gáàsì. Omi, wọn kò gbọdọ̀ gé e nígbà kankan lọ́dún nínú ilé tí ènìyàn ń gbé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba yàrá lọ́wọ́ ayálégbé mìíràn, tó ń san owó lọ́wọ́ láìsí ìwé, èyí tó pọ̀ láàárín àwa ènìyàn wa. Ìdájọ́ tí wọ́n bá dá lórí ayálégbé tó gbà yín sílé máa ń kan gbogbo ẹni tó tipasẹ̀ rẹ̀ wọlé, ẹ lè má mọ̀ pé ẹjọ́ wà rárá. Ẹ máa yẹ àpótí lẹ́tà wò, ẹ sì bi í léèrè. Òtútù dáàbò bo ẹ̀yin náà. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó lò ó. Ẹ fi báǹkì san owó yàrá dípò kí ẹ máa kà á lé e lọ́wọ́, kí ẹ̀rí lè wà pé ẹ kò fipá wọlé. Bó bá di pé ẹ wà níta, 115 ni nọ́ńbà ilé ìsùn pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ló wà, òfin sì ní kí wọ́n gba ẹnikẹ́ni tó wà nínú ìṣòro láìwo ìwé rẹ̀. Ní Paris, ẹ lè dúró pẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì lè ní kò sí àyè. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti èsì ìpè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sì fi àwòrán ojú fóònù tó fi ìpè náà hàn pamọ́: àkọsílẹ̀ yẹn ni lọ́yà yóò gbé lọ sí tribunal administratif, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ tó kan ìjọba, bí ọmọ kékeré tàbí aláìsàn bá ń sùn síta, nípa référé-liberté, ẹjọ́ pàjáwìrì tí wákàtí 48 wà fún adájọ́ láti dá.